Ta Ni Iṣẹ́ Ìjọba Tọ́ Sí? Àyẹ̀wò Èdè Òfin Ìgbanisíṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́ Méjèèjì Ẹnubodè Ṣábẹ̀

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ ìjọba: ṣé ẹni tó mọ iṣẹ́ jù lọ ni ká gbà, àbí ká ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti wà lẹ́yìn látọjọ́ pípẹ́? Ọ̀rọ̀ méjì tó dojú kọ ara wọn ni àwọn tó ń kọ ọ́ ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò, “mérite” ní apá kan, “quota” ní apá kejì, oníkálùkù á sì yan ibi tí yóò dúró sí. Bébà yìí kò fẹ́ gbè sẹ́yìn apá kankan. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé èdè tí wọ́n fi kọ òfin ìgbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní Bẹ̀nẹ̀ fo ohun kan dá, ohun náà sì jẹ́ ti ẹ̀ka ìmọ̀ tiwa gan-an: èdè tí òṣìṣẹ́ yóò fi ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́.

Ṣábẹ̀ ni mo fi ṣe ibùdó ìwòye. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlú yìí wà lábẹ́ òfin Bẹ̀nẹ̀, ní agbègbè Collines, àmọ́ ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí i, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò sì mọ ẹnubodè. Ẹni tó bá dúró ní Ṣábẹ̀ lè rí ọ̀nà méjì tí orílẹ̀-èdè méjì fi ń dáhùn ìbéèrè kan náà.

Ká tó dé orí òfin, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan, tọ́. “Igi náà tọ́”: kò wọ́. “Ó tọ́ kí o lọ”: ó yẹ bẹ́ẹ̀. “Iṣẹ́ náà tọ́ sí i”: òun ló yẹ kí wọ́n fún. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ náà ẹ̀tọ́, èyí tí àwọn ògbufọ̀ ń lò fún “droit”. Bí a bá sọ pé iṣẹ́ kan tọ́ sí Àjàní, ó lè jẹ́ pé òun ló gbégbá orókè nínú ìdánwò. Ó sì lè jẹ́ pé kò tíì sí ẹnìkan rí láti abúlé rẹ̀ tó wọ iṣẹ́ ìjọba. Gbólóhùn kan náà ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ọ̀rọ̀ náà nìkan lé ẹnìkejì lọ. Ẹni tó ń gbèjà ìdánwò ní ẹ̀tọ́ lẹ́nu, ẹni tó ń gbèjà ìpín ní ẹ̀tọ́ lẹ́nu.

Àwọn kan lè sọ pé àìtó ọ̀rọ̀ nínú èdè wa ló fà á. N kò gbà. Bí Yorùbá bá fẹ́ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn wà nílẹ̀: kàn. “Ó kàn wọ́n”, ìyẹn ni pé àsìkò tiwọn ló dé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá tó ní ìdílé ọlọ́ba tó ju ẹyọ kan lọ, ìgbésẹ̀ méjì ló wà bí ọba bá wàjà. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé ìdílé wo ló kàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn afọbajẹ yóò wá wò nínú àwọn ọmọ oyè ìdílé náà, ta ló yẹ. Kàn ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, yẹ àti tọ́ ń ṣiṣẹ́ ní ìkejì. Wọn kì í bára wọn jà, àfi bí ẹnìkan bá fẹ́ lo ọ̀kan níbi tí èkejì ti yẹ kó wà. (N kò sọ pé kí iṣẹ́ ìjọba máa tẹ̀ lé àṣà ìfọbajẹ o, èyí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin àti àlejò ní ọ̀pọ̀ ibi. Ètò ọ̀rọ̀ náà ni mo ń tọ́ka sí.) Èyí ni ìwọ̀n tí mo fẹ́ fi wọn òfin méjèèjì.

Ti Nàìjíríà ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ìwé òfin 1979 ló mú ohun tí wọ́n ń pè ní “federal character” wọlé, ìwé òfin 1999 sì tún un sọ ní abala 14(3): kí àkójọpọ̀ ìjọba àpapọ̀ àti àwọn àjọ rẹ̀ ṣàfihàn oríṣiríṣi tó wà ní orílẹ̀-èdè náà, kí àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ má baà gba gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó o, Federal Character Commission, dé ní 1996. Ìṣirò wọn ṣe kedere: ní olú iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 3 lọ. Àbújá ní ìdá 1. Ìpínlẹ̀ 36 ló wà. Ẹ fi 2.75 lọ́nà 36, ẹ ó rí 99. Ìdá 1 ti Àbújá ló mú un pé. Kánò tó kún fọ́fọ́ àti Bayelsa tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìpín kan náà, nítorí ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí.

Òfin yìí ní àìsàn gidi tó fẹ́ wò. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ẹkùn Àríwá ń gbé ìlànà ọmọ-Àríwá-ni-kọ́kọ́ kalẹ̀, àwọn ará Gúúsù tó ní ìwé ẹ̀rí ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí wọn kò bá rí ọmọ Àríwá, wọ́n lè gba òyìnbó, kí ará Gúúsù sì wá fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ àdéhùn. Lọ́wọ́ kejì, ẹ̀rù ń ba àwọn ará Àríwá pé bí ó bá jẹ́ ìdánwò nìkan, Gúúsù tó ti pẹ́ nílé ẹ̀kọ́ yóò gba gbogbo àga. Ẹ̀rù méjèèjì ní ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé kí wọ́n kàn pa ìpín rẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo bí òfin náà ṣe dáhùn ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: ta ni ọmọ ìpínlẹ̀ kan? Abala 318 ló sọ ọ́. Ẹni tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, jẹ́ ọmọ àwùjọ tó jẹ́ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, òun ló jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà bá túmọ̀ gbólóhùn yìí sí Yorùbá, yóò rí i pé “jẹ́” ni ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tó wúlò nínú rẹ̀. Gbé kò sí níbẹ̀. Sọ kò sí níbẹ̀, mọ̀ kò sí níbẹ̀, ṣiṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹni náà lè ṣe kò kan òfin. Ìdílé tó ti wá nìkan ló kàn án. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ní fún àjọṣe ènìyàn pẹ̀lú ìlú: ọmọ àti ará. Ọmọ Ọ̀yọ́ lè máà tíì fojú kan Ọ̀yọ́ rí. Ará Ọ̀yọ́ ń gbé ibẹ̀, ó mọ ọjà, ó mọ ẹni tí wọ́n ń kí àti bí wọ́n ṣe ń kí i. Òfin mú ọmọ, ó fi ará sílẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ kò ṣàjèjì. Wọ́n lè bí ọmọ oníṣòwò Yorùbá ní Kánò, kí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, kí ó gbọ́ Háúsá ju Yorùbá lọ. Lójú òfin, ìpínlẹ̀ baba ńlá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìpín ìpínlẹ̀ náà ni yóò sì gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lè bá ìyá àgbà kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní 2006, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn odindi kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń fi ìwé ẹ̀rí yìí ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Bí a bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìwọ̀n ìfọbajẹ tí mo mẹ́nu bà lókè, Nàìjíríà ṣe ìgbésẹ̀ “ta ló kàn” dáadáa ní ti ìṣirò, ṣùgbọ́n ó fi ìran dáhùn rẹ̀, kò sì sí ohun tó sọ níbẹ̀ nípa “ta ló yẹ”.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá ẹnubodè padà sí Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìwé òfin ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ní abala 8 pé ìjọba yóò rí i pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní àǹfààní dọ́gba sí ẹ̀kọ́ àti sí iṣẹ́, abala 26 sì sọ pé gbogbo ènìyàn dọ́gba níwájú òfin láìka orírun, ẹ̀yà, ìbí akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí ipò sí. Kò sí abala 318 níhìn-ín, kò sí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti Nàìjíríà. Ohun tó wà ni ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní kọ̀nkúù. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́, kí orúkọ yín jáde lára ògiri. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa yangàn pé Bẹ̀nẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ ọmọ ta ni ọ́.

Ṣùgbọ́n abala 1 ìwé òfin kan náà sọ pé Faransé ni èdè ìjọba. Bí a bá ka abala 1 àti abala 8 pọ̀, ohun tó jáde ni pé àǹfààní dọ́gba fún gbogbo ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa. Òfin kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni kọ̀nkúù ṣe ń kà á. Ìpín tí a yà sọ́tọ̀ ni èyí náà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ ìpín.

Àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ́. Àṣẹ ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1924 lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé sọ pé Faransé nìkan ni èdè tí a gbọ́dọ̀ lò nílé ẹ̀kọ́, ó sì ka lílo èdè ìbílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ léèwọ̀ fún àwọn olùkọ́. Àwọn àgbà wa ṣì ń rántí “signal”, ohun tí wọ́n máa ń so mọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Kọ̀nkúù ni wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ William Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń jáde, àwọn ọmọ Dàhòmì sì máa ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Wọ́n gbàṣẹ káàkiri gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ní Abidjan, ìlú dìde sí àwọn ọmọ Dàhòmì àti ọmọ Tógò, wọ́n sì lé wọn. Ẹgbẹ́ tó ṣíwájú ìjà náà pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ́ àwọn “originaires” Côte d'Ivoire: ọmọ onílẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tiwa. Ní ọdún 1963 sí 1964, Niger náà lé àwọn tiwọn. Ẹni tó bá rò pé Dàhòmì kò mọ ìjà láàárín ìdánwò àti ìran, kó tún ìtàn yìí kà. Àwa la ní ìdánwò nígbà náà, àwọn ẹlòmíràn ló ní ìran.

Ní báyìí, kí ni Faransé yìí ń wọ̀n? Fún amòfin tàbí oníṣirò ní iléeṣẹ́ ìjọba ní Kútọnu, ó ń wọn irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, n kò ní àríwísí kankan. Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ṣábẹ̀, tó yege nínú kọ̀nkúù, tó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ èdè ìlú. Ìyá kan wọlé. Yorùbá kì í sọ ìrora pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo. Orí a máa fọ́ni. Inú a máa runni. Eyín a máa dunni. Oríkèé a máa roni. Egbò a máa tani. Ìhà a máa gúnni. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kò ṣeé fi ṣe pààrọ̀ ara wọn bó ṣe wuni. Olúkúlùkù ń sọ irú ìrora tó jẹ́, bóyá ó ń wá tó ń lọ, bóyá ó wọnú tàbí ó wà lójú awọ. Ìyá náà ní, “Inú ń ro mí, kì í ṣe pé ó ń run mí.” Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣe ògbufọ̀ fún nọ́ọ̀sì sọ fún un pé “elle a mal au ventre”. Gbólóhùn náà kò ní àṣìṣe, síbẹ̀ ìyàtọ̀ tí ìyá náà là sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ ti sọnù.

Kí wọ́n tún wá fi gbólóhùn bí “inú mi ò dáa” tàbí “ara mi ò yá” kún un, ẹ ó rí i pé kì í ṣe àìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni. Ìdajì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ gbígbọ́. Bí ọ̀gá nọ́ọ̀sì kan bá yege jù lọ nínú ìdánwò tí kò wọn gbígbọ́, ohun tí ìdánwò náà sọ ni pé ó yege nínú ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ti olùkọ́ ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́, ti ọlọ́pàá tó ń gba ẹ̀sùn, ti akọ̀wé tó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ èdè bí ó bá dé. Àwọn kan ń kọ́ ọ, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba máàkì kankan fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kò gba máàkì kankan.

Orílẹ̀-èdè kan wà tó ti kọ ohun tí mò ń sọ yìí sínú òfin. Ní Kánádà, òfin ìgbanisíṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2003, ní abala 30, sọ pé merit ni kí wọ́n fi gbani, ó sì túmọ̀ rẹ̀: kí ẹni náà ní ohun gbogbo tí iṣẹ́ náà kò lè ṣe láìsí, tó fi mọ́ ìmọ̀ èdè ìjọba. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n gbé èdè sí. Wọn kò gbé e sábẹ́ ìpín, wọn kò gbé e sábẹ́ ẹ̀yà. Abẹ́ ìtóṣùwọ̀n fún iṣẹ́ ló wà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Faransé lè kọ́ Faransé kó sì yege. Lóòótọ́, èdè méjì péré ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn èdè onílẹ̀ Kánádà kò sì rí irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú òfin yẹn. A lè gba ètò gbólóhùn náà láìgba ibi tó dúró sí.

Bí Bẹ̀nẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn iṣẹ́ tó ń dojú kọ ará ìlú, ohun méjì yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ oko láti abúlé Ṣábẹ̀, tí kò bá ọmọ Kútọnu dọ́gba ní Faransé, yóò rí ibi tí ohun tó mọ̀ ti níye lórí, láìsí pé wọ́n ṣàánú rẹ̀. Ọmọ Fúlàní tí wọ́n bí sí Ṣábẹ̀, tó ń sọ èdè ìlú bí ẹni ń mumi, yóò yege. Ọmọ bíbí Ṣábẹ̀ tó dàgbà sí Kútọnu tí kò gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ yóò fìdí rẹmi. Ará yóò lékè ọmọ. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí mò ń sọ àti abala 318.

Àtakò tó le jù kò sí lọ́wọ́ àwọn olùgbèjà ìdánwò, ọwọ́ àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ló wà. Èdè wo ni Ṣábẹ̀ ń sọ? Ìwé Ethnologue kọ “Ede Cabe” sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè kan tó dá dúró, pẹ̀lú àmì tirẹ̀, cbj, lọ́tọ̀ sí Ede Idaca, lọ́tọ̀ sí Ede Ica, lọ́tọ̀ sí Yorùbá. Ìkànìyàn Bẹ̀nẹ̀ kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ Yorùbá àti àwọn tó bá a tan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní Nàìjíríà ń pè wọ́n ní ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Nínú kíláàsì, àríyànjiyàn yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ọjọ́ tí máàkì ìgbanisíṣẹ́ bá so mọ́ ọn, ó di ọ̀rọ̀ oúnjẹ: ṣé ọmọ Dassa tó ń sọ Ìdáàṣà lè jókòó fún ìdánwò èdè ní Ṣábẹ̀? Ṣé ọmọ Kétu ńkọ́? Bí a bá fi orúkọ èdè sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n, ìpín ẹ̀yà ni a tún dá sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé gbígbọ́-ara-ẹni ni kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n má béèrè orúkọ. Bí ìyá àgbà ní Ṣábẹ̀ bá gbọ́ ọmọ Ìdáàṣà yé, tí òun náà sì gbọ́ ìyá náà yé, ó yege.

Ohun kan ṣì wà tí èdè kò lè yanjú. Nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ kí obìnrin pọ̀ sí i nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sọ pé kí wọ́n ṣe ìdánwò tó péye ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2019, ó tún ìwé òfin ṣe, ó sì ya àga 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin, ọ̀kan fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, nínú àga 109. Ní ìdìbò oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Ibẹ̀ ni “ó kàn wọ́n” ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tó bójú mu, nítorí kì í ṣe ìmọ̀ obìnrin ló dín kù, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aláàbọ̀ ara tí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìdánwò kò jẹ́ kó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ lo èdè láti fi pa gbogbo ìpín rẹ́ kò ka bébà yìí dáadáa.

Ní ti nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀, irú ìdánwò tí mo ní lọ́kàn kò tóbi. Kò nílò kí a kọ́kọ́ parí ìjà lórí ọ̀nà ìkọ̀wé, bóyá ẹ àti ọ onísàmì ìsàlẹ̀ ti Nàìjíríà ni tàbí ɛ àti ɔ ti Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé ẹnu ni wọn yóò fi ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Àgbà obìnrin kan láti inú ìlú yóò jókòó bí aláìsàn, yóò sọ ohun tó ń ṣe é bó ṣe máa ń sọ ọ́ nílé. Ẹni tó wá gbaṣẹ́ yóò béèrè ìbéèrè, yóò sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún un láti mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ dáadáa. Olùgbọ́ méjì yóò gbé máàkì sílẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, láìmọ orúkọ ẹni náà, láìmọ orúkọ bàbá rẹ̀.